Ìkíni Tó Di Orúkọ: Ìtàn Àwọn Ọmọ Okun ní Ilẹ̀ Kàbà

Bí arìnrìn-àjò bá gba ọ̀nà Èkìtì, tó kọjá Òmùò, tó sì dorí kọ Ìyámoyè lọ sí Kàbà, kò ní pẹ́ tí yóò fi bá pátákó ìjọba pàdé létí títì, tí pátákó náà yóò sì sọ fún un pé ó ti jáde kúrò ní ìpínlẹ̀ kan, ó ti wọ òmíràn. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ láti ra iṣu lọ́wọ́ ìyá àgbà tó pàtẹ sẹ́bàá ọ̀nà, tí ìyá náà rí i pé òógùn ti bò ó lójú, ohun tí yóò gbọ́ ni “Okun o”. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ kọ, “Okun o” náà ni. Bí ó bá sì gba ìdí oko kọjá níbi tí wọ́n gbé ń kọ ebè, “Okun o” ni òun náà yóò fi kí ẹni tó tẹ̀ ba lórí ọkọ́. Ìkíni yìí wà ní Èkìtì tó ti ń bọ̀, ó wà ní Ìgbómìnà tó wà lápá òsì rẹ̀, ó sì wà níbi tó ń lọ. Ẹni tó fa ààlà ilẹ̀ kò rí ọ̀nà fa ààlà gba ẹnu àwọn ènìyàn kọjá.

Àjèjì tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lè rò pé òkun alágbalúgbú omi ni wọ́n ń dárúkọ, kí ó sì máa wò ó bí òkun ṣe dé àárín àpáta àti igbó ọ̀dàn. Kò sí ohun tó kan òkun níbẹ̀. Pẹ̀lẹ́ ni, ẹ kú iṣẹ́ ni, ẹ kú ìrọ́jú ni. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi ń jẹ́ kí ẹnìkejì rẹ̀ mọ̀ pé ohun tí ojú rẹ̀ ń rí kò pamọ́. Láti ara ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni orúkọ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jáde: Owé tó tẹ̀ dó sí Kàbà, Yàgbà, Ìjùmú, Gbẹ̀dẹ̀, Bùnú, Ìkìrì, àti Ọ̀wọ́rọ̀ tó súnmọ́ Lọ́kọ́ja. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé bá tó méje, tí kò sì sí èyí tí yóò gbà kí a fi orúkọ òmíràn pe òun, ibo ni à bá wò? Ẹnu ni wọ́n wò. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibẹ̀ ni mo fẹ́ tọpa rẹ̀, nítorí pé àwọn ènìyàn yìí ti jẹ́ orúkọ púpọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí wọ́n tó dé ìdí èyí tó ti ẹnu tiwọn jáde.

Ilẹ̀ tí à ń wí yìí kò jìnnà sí ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé ní Lọ́kọ́ja. Ibẹ̀ ni Yorùbá, Tápà, Ẹ̀bìrà àti Ígálà ti ń fi èjìká kan èjìká láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè kà, tí ọmọ Ígálà sì ń pe omi ní omi gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yàgbà ṣe ń pè é, tó sì ń pe ọmọ ní ọma, bí ẹni pé ìyá kan náà ló kọ́ àwọn méjèèjì ní ọ̀rọ̀ sísọ kí olúkúlùkù tó gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ọ̀mọ̀wé Adé Ọbáyẹmí, ọmọ Ìjùmú tó di ògbóǹtarìgì nínú ìmọ̀ ìtàn àti ìmọ̀ àwalẹ̀, tó sì ṣe olórí àjọ tó ń tọ́jú àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà, kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde ní 1976 pé ó yẹ kí a yẹ ìtàn tí ń sọ pé gbogbo ìlú Yorùbá ti Ilé-Ifẹ̀ ṣí wá wò dáadáa. Ó ní kí ọba aládé tó di àṣà, àwọn ìletò kéékèèké tó dá dúró, tí olúkúlùkù ní olórí tirẹ̀, ti wà káàkiri ilẹ̀ wa, àti pé ìhà ibi tí odò méjèèjì ti pàdé yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tó yẹ kí a wá ìpilẹ̀ṣẹ̀ èdè wa sí. Àwọn mìíràn ní Kàbà àti Yàgbà ṣì di ìtàn Ifẹ̀ mú ṣinṣin, kò sì sí ẹni tó lè bá ọmọ jiyàn ilé baba rẹ̀; ṣùgbọ́n ohun kan hàn sí gbogbo ènìyàn, pé àwọn ènìyàn yìí kì í ṣe àtọ̀húnrìnwá tó yà sílé onílé.

Kò sí ọba kan tó jẹ lórí gbogbo wọn láyé àtijọ́. Ní Kàbà pàápàá, agbo mẹ́ta ni Owé pín sí, Kàbà, Katu àti Odolu, oyè ńlá mẹ́ta ló sì wà láàárín wọn, Ọbaro, Ọbadọ́fin àti Ọbajẹmu, tí kò sí èyí tó lè sọ pé òun nìkan ni ìlú. Ẹni tó bá ti ìlú ọba alágbára wá lè rí èyí bí àìlágbára; ẹni tó bá sì ronú síwájú yóò rí i pé ìlú tí a kò so mọ́ ìdí oyè ẹnì kan ṣoṣo ni a ní láti so mọ́ nǹkan mìíràn. Ìgbéyàwó wà, ọjà wà, orò àti ọdún wà, ṣùgbọ́n okùn tó gùn jù nínú gbogbo wọn ni èdè.

Àìní olórí kan yìí sì ni ó kó wọn sí ìyọnu nígbà tí ogun dé. Láti bí 1840 lọ ni àwọn ọmọ ogun Tápà, lábẹ́ Masaba àti àwọn tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ní Bídà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹṣin ya wọ ilẹ̀ Yàgbà, Bùnú, Ìjùmú àti Owé. Ìletò tí kò bá fẹ́ kí wọ́n jó òun yóò san ìṣákọ́lẹ̀. Nígbà tí owó ẹyọ bá sì tán, tí aṣọ bá tán, ọmọ ènìyàn ni wọ́n ń fi san án. Ọ̀pọ̀ ìlú fi pẹ̀tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gun orí òkè lọ, ibi tí ẹṣin kò lè dé, wọ́n sì ń gbin nǹkan sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ojú kan lórí ebè àti ojú kan lórí ọ̀nà. Ìran méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló gbé irú ayé yìí.

Àwọn tí wọ́n kó lọ kò dé ibì kan náà. Àwọn mìíràn di ará Bídà, wọ́n bí ọmọ síbẹ̀. Àwọn mìíràn wọ ọwọ́ olówò títí tí wọ́n fi dé etí òkun, a sì rí nínú wọn tí ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà lójú agbami, tó sì já wọn sí Freetown ní Sàró. Ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Ní ìlú àjèjì yẹn, tí ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Ọ̀yọ́ àti ọmọ Yàgbà jọ ń gbé ní àdúgbò kan, kò sí ẹni tó tún ń bèèrè ẹ̀yà ìlú wọn. Ohun tí àwọn aládùúgbò ń gbọ́ láàárọ̀ lọ́sàn-án ni “ẹ kú”: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu. Bí wọ́n ṣe sọ wọ́n lórúkọ nìyẹn: wọ́n ń pè wọ́n ní Aku. Láàárín àwọn Aku wọ̀nyí ni Sigismund Koelle, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọ CMS, jókòó sí tó ń bèèrè bí wọ́n ṣe ń pe orí, ojú, omi àti iná ní ìlú olúkúlùkù, tó sì tẹ ohun tó gbọ́ sínú ìwé ńlá tó pè ní *Polyglotta Africana* ní 1854. Nínú ìwé náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, Yàgbà wà níbẹ̀, Ọ̀wọ́rọ̀ wà níbẹ̀, Ìjùmú wà níbẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kọ ọ́ sí “Dsumu”, Èkì tí àwọn onímọ̀ kà sí Bùnú náà sì wà. Àwọn tí ogun fẹ́ pa orúkọ ìlú wọn rẹ́ ni wọ́n jókòó sí ilẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n ka ọ̀rọ̀ ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí ó ṣì ku ohun tó lé ní ogójì ọdún kí ogun náà tó rọlẹ̀ ní ilé.

Koelle kan náà ni ó bínú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ajíhìnrere tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo Aku ní Yorùbá, nítorí pé ní ti òun, Yorùbá kì í ṣe orúkọ gbogbo wọn, orúkọ ẹ̀yà kan ni, èyí tí í ṣe Ọ̀yọ́. Òótọ́ ni ó wí, síbẹ̀ orúkọ tó ń bá jà ni ó borí. Orúkọ tí àwọn ará òkè Ọya fi ń pe Ọ̀yọ́ ni Àjàyí Crowther àti àwọn ajíhìnrere yòókù gbé sórí ìwé, láti orí ìwé ni ó ti bọ́ sí ilé ẹ̀kọ́, láti ilé ẹ̀kọ́ ni ó sì ti bọ́ sí ọkàn wa, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá sọ fún ọmọ Ìjẹ̀bú lónìí pé kì í ṣe Yorùbá yóò rí ìjà. Ní erékùṣù Kúbà lókè òkun, orúkọ mìíràn ni wọ́n fi pe àwọn ìbátan wa kan náà, Lukumi, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń túmọ̀ sí “olùkù mi”, ìyẹn ọ̀rẹ́ mi. Àwọn Olùkùmi sì wà nítòsí wa níhìn-ín, ní Ugbódù àti àwọn ìlú tó yí i ká ní Ìpínlẹ̀ Delta, tí èdè wọn bá tiwa tan tí Ígbò sì yí wọn ká. A ó rí i nígbà náà pé kì í ṣe ọmọ Okun nìkan ni ìkíni fún lórúkọ. Níbikíbi tí ènìyàn bá bọ́ sí àárín àwọn tí kì í ṣe ara ilé rẹ̀, ohun tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde sí ẹnìkejì rẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀.

Ní oṣù January 1897 ni ogun Tápà já lọ́rùn Kàbà. Ilé-iṣẹ́ olówò Royal Niger Company, tí George Goldie ń darí, kó nǹkan bí 500 ọmọ ogun kúrò ní Lọ́kọ́ja. Kàbà ni wọ́n kọ́kọ́ gbà, níbi tí ọmọ ogun Tápà ti pàgọ́ sí tí wọ́n sì ti sá kúrò kí ìjà tó dé. Kí oṣù náà tó tán, Bídà pàápàá ti ṣubú. Goldie kéde ní Kàbà pé agbára Bídà lórí ilẹ̀ náà ti dópin. Inú àwọn ènìyàn dùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ṣùgbọ́n Goldie kò wá nítorí tiwọn, nítorí òwò ni ó ṣe wá. Nígbà tí Lugard, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, sì ta àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lọ́kọ́ja ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900, tó kéde Àríwá Nàìjíríà, ilẹ̀ Kàbà wà nínú ohun tó kéde. Ẹni tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Bídà ni wọ́n kà mọ́ agbo kan náà pẹ̀lú Bídà. Àwọn ará Èkìtì, tí ìkíni wọn jẹ́ ọ̀kan, wà ní Gúúsù. Odò kan tàbí igi kan ló là wọ́n.

Láti ìgbà náà ni ohùn méjì ti ń pe ọmọ Okun. Ìjọba wá fìdí kalẹ̀ sí Kàdúná, Haúsá ni èdè tó ń gbé akọ̀wé àti ọlọ́pàá ga níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rọ́wọ́ mú gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ṣọ́ọ̀ṣì sì gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Tommy Titcombe, ará Kánádà tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọ SIM, dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà ní 1908, ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn ńlá ti wá gbilẹ̀ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Bíbélì tí wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ láti kà níbẹ̀ ni èyí tí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti túmọ̀, tí ó jẹ́ pé èdè Ọ̀yọ́ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Báyìí ni ọmọ Yàgbà ṣe kọ́ láti gbàdúrà ní “èdè ìwé”, tó ń bá ìyá rẹ̀ sọ èdè ilé, tó sì ń fi Haúsá tàbí Gẹ̀ẹ́sì bá ìjọba sọ̀rọ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba ọ̀nà mẹ́ta wọjà lójoojúmọ́ ni yóò mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí àwọn ènìyàn yìí ṣe ń mú ti àlejò tí wọn kì í sì í sọ ti ilé nù, kí ó wo aṣọ wọn. Àwọn obìnrin Bùnú jẹ́ ahunṣọ láti ìgbà pípẹ́, ìdí òfì ìdúró tí wọ́n gbé ti ògiri ni wọ́n ń jókòó sí. Aṣọ funfun, aṣọ dúdú àti aṣọ pupa, olúkúlùkù ní ohun tó wà fún nínú ìgbéyàwó, nínú oyè àti nínú ìsìnkú. Elisha Renne, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó gbé láàárín wọn, tó sì tẹ ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1995, ṣàlàyé pé àwọn aṣọ pupa tí wọ́n fi ń yẹ́ òkú olóyè sí, tí kò sí ohun tó dà bí ìṣẹ̀dálẹ̀ tó o, òwú pupa inú rẹ̀ ni wọ́n máa ń tú jáde lára aṣọ tí òyìnbó kó wọlé. Aṣọ òkèèrè ni wọ́n tú, òwú rẹ̀ ni wọ́n hun, ohun tó sì ti orí òfì sọ̀ kalẹ̀ kò sí ẹni tó lè pè é ní ti òkèèrè mọ́. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó ní àkísà púpọ̀ nílé ni kì í bẹ̀rù òwú tuntun.

Nígbà tí òmìnira ń súnmọ́lé, ọ̀rọ̀ náà di ti òṣèlú. Ẹgbẹ́ Action Group ń pariwo pé kí wọ́n gbé Yorùbá Ìlọrin àti Kàbà kúrò ní Àríwá, kí wọ́n dà wọ́n pọ̀ mọ́ Ìwọ̀ Oòrùn. Àwọn alágbára Àríwá ní ilẹ̀ tí Lugard fi lé àwọn lọ́wọ́ kò ní dín ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, nítorí náà àwọn aṣojú lọ rojọ́ níwájú ìgbìmọ̀ tí Henry Willink ṣe alága fún ní 1957 sí 1958 láti wádìí ẹ̀rù tó ń ba àwọn ẹ̀yà kéékèèké. Ìgbìmọ̀ náà gbọ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì yí ààlà náà padà. Ní 1967 wọ́n di ara ìpínlẹ̀ tó wá ń jẹ́ Kwárà. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ 1991 wọ́n di ara Ìpínlẹ̀ Kogí, pẹ̀lú Ígálà àti Ẹ̀bìrà, tí Lọ́kọ́ja sì jẹ́ olú-ìlú. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, Bídà ti kà wọ́n, ilé-iṣẹ́ olówò ti kà wọ́n, ọba Gẹ̀ẹ́sì ti kà wọ́n, Kàdúná ti kà wọ́n, Ìlọrin ti kà wọ́n, Lọ́kọ́ja sì ti wá ń kà wọ́n.

Láàárín gbogbo ìkànìyàn yìí ni orúkọ Okun ti jáde. Wọ́n sọ ọ́ di mímọ̀ pé Eva Krapf-Askari, obìnrin onímọ̀ tó wá ṣe ìwádìí láàárín Owé ní 1965, ló kọ́kọ́ dábàá pé kí a máa fi ìkíni tí gbogbo wọn ń kí ara wọn pe gbogbo wọn. Àwọn kan lè bínú pé àlejò ló sọ onílé lórúkọ. Ṣùgbọ́n ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń báni rí tẹni. Obìnrin náà kò dá ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀, ohun tó wà lẹ́nu wọn láti ayébáyé ni ó fi ọwọ́ tọ́ka sí. Ìdí sì wà tí orúkọ náà fi mú, tí àwọn orúkọ ìjọba kò fi mú. Bí a bá ní Kàbà ni gbogbo wọn ń jẹ́, Yàgbà yóò bèèrè ìgbà tí Kàbà bí òun. Bí a bá ní Yàgbà ni, Bùnú yóò fi ojú burúkú wò wá. Okun kò gbé ẹnikẹ́ni ga ju ẹnikẹ́ni lọ. Kò ní olúwa, kò ní ìlú tó ni ín, kò béèrè pé kí Ọ̀wọ́rọ̀ kọ Ọ̀wọ́rọ̀ sílẹ̀. Àwọn tí kò ní ọba kan láyé àtijọ́ rí orúkọ tí kò ní ọba.

Kò sì sọ wọ́n di ọ̀tá ẹlòmíràn. Sunday Awóníyì, Àró Mọ̀pà, tó di olóògbé ní 2007, ṣe iṣẹ́ ìjọba Àríwá nígbà tí Ahmadu Bello ń darí ìjọba náà, ó sì wá di alága ẹgbẹ́ Arewa Consultative Forum, ẹgbẹ́ àwọn àgbààgbà Àríwá. Ọmọ Yàgbà tó ń jẹ́ oyè Yorùbá ni ó jókòó sí àga tí ń sọ̀rọ̀ lórúkọ Àríwá. Ní etígbọ̀ọ́ àwọn kan ní Gúúsù, ọ̀rọ̀ yìí kò dọ́gba. Ní Mọ̀pà, kò sí ohun tó ya ènìyàn lẹ́nu níbẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá ti gbé ojú ààlà fún ìran mẹ́rin ti mọ̀ pé ènìyàn lè ní ju ẹ̀gbọ́n kan lọ. Àwọn mìíràn nínú àwọn ọmọ Okun ń béèrè fún ìpínlẹ̀ tiwọn, àwọn mìíràn fẹ́ padà sọ́dọ̀ àwọn ìbátan wọn ní ìwọ̀ oòrùn, àwọn mìíràn ní kí a jókòó síbi tí a wà kí a sì gba ẹ̀tọ́ wa. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bá ara wọn jiyàn ní èdè kan náà, wọ́n sì ń fi “Okun o” bẹ̀rẹ̀ iyàn.

Ewu tó kù fún èdè náà kò ti ọ̀dọ̀ Ígálà tàbí Ẹ̀bìrà wá, kò sì ti Àríwá wá. Iléeṣẹ́ símẹ́ńtì ní Ọbájànà ti kó onírúurú ènìyàn jọ sí ẹ̀gbẹ́ Ọ̀wọ́rọ̀ àti Bùnú. Lọ́kọ́ja kún fún ọmọ Okun tí a bí síbẹ̀. Ìyá lè jẹ́ Ìjùmú, kí baba jẹ́ Yàgbà, kí àwọn méjèèjì sì gbà pé èdè ìwé tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni ó rọrùn jù fún ọmọ. Ọmọ náà yóò mọ̀ pé Okun ni òun. Yóò kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, yóò san owó ẹgbẹ́, yóò wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá lọ sí àpéjọ. Orúkọ tí àwọn baba rẹ̀ gbà nítorí pé wọ́n ń sọ ọ́ yóò wá di orúkọ tí òun ń jẹ́ láìsọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìran Aku kan ní Sàró ṣe ń jẹ́ Aku, tí “ẹ kú” kò sì sí lẹ́nu wọn mọ́.

Èmi kò rò pé ọ̀rọ̀ ti dé ibẹ̀. Oyè lè wà ní ìlú kí àga rẹ̀ ṣófo fún ọdún mẹ́wàá, kí ó sì tún jí. Oko lè di igbó kí ọmọ padà wá ṣán an. Ìkíni kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Àárín ẹni méjì ni ó ń gbé, láti ìgbà tí ẹnì kan bá la ẹnu títí di ìgbà tí ẹnìkejì bá dáhùn, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ń kú bí ìdáhùn kò bá sí. Ìyá àgbà tó pàtẹ iṣu sí ẹ̀bá ọ̀nà Ìyámoyè ti ṣe tirẹ̀: ó rí òógùn lójú ọmọ ọlọ́mọ, ó sì ti kí i.